Aago Tó Níwèé

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kóńgò ẹ̀wà olóyin kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ní Ìkòtún. Obìnrin tó ń tà á kò pàtẹ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì máa ń rí bí àwọn èèyàn ṣe ń dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n á bèèrè iye, wọ́n á wo ẹ̀wà náà bí ẹni tó ń wo fọ́tò ẹni tó ti kú, wọ́n á sì kọjá lọ. Àwọn kan nínú wọn, gbọ́ ná, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kọjá sí. Wọ́n á wá ra páálí òfìfo lọ́wọ́ mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé obìnrin ẹlẹ́wà yẹn rí. Ó ní kí n ṣáà sọ ohun tó wà nínú páálí mi tí kò sí nínú ẹ̀wà òun. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n.

Òórùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ò tíì kúrò nímú mi títí di òní: gọ́ọ̀mù tuntun, awọ tí kì í ṣe awọ, àti káńfọ̀ tí mo máa ń jù sáàárín páálí kí aáyán má baà sọ wọ́n di ilé. Aago ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń tà, aago fèkì, ìyẹn ayédèrú, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra aago tí iye rẹ̀ tó kọ́lé, kò ní wá a wá sí Ìkòtún, èmi náà ò sì ní jókòó sórí àga oníke kí n máa tà á. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èrè ò sí lára aago fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra aago lónìí á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé káńtà mi, á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bèèrè oògùn àìsàn ìtìjú, á ní, "Ìyá Aláago, ìwé ẹ̀ ńkọ́?"

Ṣé o mọ̀, lẹ́yìn aago kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ wínníwínní. Bí nọ́ńbà yẹn bá bá èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí tó máa ń bá aago wá nínú páálí mu, ìbejì là ń pè é nínú òwò tiwa. Páálí nìkan, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ìwé tó bá aago ṣe ìbejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi kọ́ ni mo dá iye yẹn, àwọn oníbàárà ló fi ojúkòkòrò wọn dá a. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìwé márùn-ún péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní owó tán, ó wá jẹ́ pé ìwé ni Ọlọ́run ní kí n máa tà jẹun. Aago tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi níwèé jù mí lọ.

Onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó máa ń ka Bíbélì sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ohùn tó dà bíi pé òun ló kọ ọ́. Gbogbo àwa ayálégbé, Dádì là ń pè é. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ níwájú ilé, ó sì ní ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn tó já sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wọn. Aago mẹ́sàn-án ni Dádì ní. Fèkì ni gbogbo wọn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà ó ń fi yangàn. Ó ní ẹni tó ní aago gidi ti di ọdẹ aago, kò ní lè sùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni kí n bá òun wá ìbejì wọn.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Dádì, ẹ mọ̀ pé fèkì ni, èmi náà mọ̀, ẹni tó ṣe é pàápàá mọ̀. Ta lẹ wá fẹ́ fi ìwé hàn?"

Kò bínú. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, àwọn ọmọ mi á wá kó ẹrù mi. Aago tó bá wà lásán, inú ike kan ni wọ́n máa dà á sí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní páálí, tó sì níwèé, ẹni tó fẹ́ jù ú nù á kọ́kọ́ jókòó."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àìsàn mi nìyẹn, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ tó yé mi.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi sá ṣe iṣẹ́ náà kíákíá. Ọkùnrin oní-POS kan ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri lásìkò yẹn, ojú rẹ̀ sì ti wà lára tèmi. Ó ti wá bá Dádì lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú owó ọdún méjì lọ́wọ́, iye tí mi ò lè dá lábàá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo ń gbọ́, Dádì ní kó máa lọ. Ó ní obìnrin tó wà nísàlẹ̀ yìí ló ń bá òun tọ́jú ìwé àwọn aago òun, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló di ṣọ́ọ̀bù mú fún mi. Wọ́n ti lé mi ní Ṣáṣá rí, wọ́n ti lé mi ní Akówonjo. Ọmọ méjì ń bẹ lọ́rùn mi, mi ò tún lókun àtimáa ru páálí òfìfo káàkiri Alímọ̀ṣọ́ bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe tó dé mi mọ́lé. Atẹ̀wé tí mo mọ̀ ní Ṣómólú ti kó padà sí ìlú rẹ̀, mo bá lọ bá ẹlòmíràn. Mo fún un ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí mo dà kọ lẹ́yìn aago Dádì, mo sì ní, "Ìbejì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ wọ́n o." Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ́jú pọ̀ rárá: kí nọ́ńbà ìwé bá ti aago mu, ó tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò sí nínú òwò wa, Yorùbá ló gbọ́. Nígbà tí mo padà dé, ìwé méjìdínlógún ló kó lé mi lọ́wọ́, méjì méjì, wọ́n jọra bí ojú àti ojú. Mo pariwo. Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

"Màmá, ìbejì lẹ ní. Èwo ni ìbejì tó jẹ́ ẹyọ kan?"

Mo san owó gbogbo rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Ìkòtún. Mo fún Dádì ní mẹ́sàn-án tirẹ̀, ó gbàdúrà fún mi. Ó wá ku mẹ́sàn-án. Ṣé kí n sun wọ́n? Èmi? Mo tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, mo sì ti í. Ohun kan sì wà tí àwọn oníbàárà ò mọ̀ tí èmi mọ̀: àwọn tó ń ṣe fèkì lókè òkun kì í da ara wọn láàmú, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa ń gbẹ́ sẹ́yìn ọgọ́rùn-ún aago. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á gbé aago tó bá ọ̀kan nínú ìwé yẹn mu wá.

Kò tó oṣù kan tó fi dé. Alhaji kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta irin ìkọ́lé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé aago ń dà bíi bọ́tìnnì lára rẹ̀. Ó gbé aago lé káńtà mi, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ayọ̀ sì kún inú mi. Nọ́ńbà aago kẹrin Dádì gan-an ni. Mo díbọ́n pé iṣẹ́ wà ńbẹ̀, mo ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó padà wá, mo bi òun náà léèrè ohun tí mo bi Dádì. Ó ní wọ́n dá òun dúró lójú ọ̀nà nígbà kan, wọ́n ní kí òun mú ìwé fóònù òun wá, òun ò sì ní. Òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí fóònù tí òun fi owó òun rà. "Látìgbà yẹn, ohun tí mi ò bá ní ìwé ẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo jí i." Mo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Èwo ni kí n máa bẹ̀rù? Ọ̀kan ń gbé Ìkòtún, èkejì ń tajà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń kírun. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Akówonjo ni wọ́n ti pàdé. Ọkọ̀ méjèèjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jókòó sórí báńṣì kan náà, ọ̀kan wo ọwọ́ èkejì, ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Dádì ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sátidé kan pé àlejò kan fẹ́ wá wo aago òun ní ọ̀sán, kí n wọ aṣọ tó dáa, kí n wá jókòó, kí n lè fẹnu ara mi jẹ́rìí pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ní ìbejì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ẹ̀yìn gun òkè bí ìyá ìyàwó tó ń lọ fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Òjò ti ń ṣú. Dádì ti to páálí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì, ó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Mo ń kí wọn lọ́wọ́ nígbà tí àlejò wọlé. Alhaji onírin ni, ó fi ike dúdú di páálí kan mọ́ àyà nítorí òjò.

Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń rìn kiri nìyí. Dádì náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé a ti mọra. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, ẹni tó mọ̀ mí á sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Mo dìde. Mo ní n ò ti ṣọ́ọ̀bù dáadáa. Ìyàwó Dádì ní òun ti wò ó láti òkè, àgádágodo méjèèjì wà lára ilẹ̀kùn. Mo jókòó. Òjò bá dé. Kì í ṣe òjò tí èèyàn ń fi ọwọ́ borí sá fún, òjò tó ń bọ́ lu páànù bí ẹni ń da òkúta ni. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àgbàrá ti gba gbogbo àdúgbò. Mo na ọrùn lójú fèrèsé, mo rí i tí omi pupa ń gba abẹ́ géètì wọlé, bàtà ẹnì kan ń léfòó lọ nínú rẹ̀ láìsí ẹsẹ̀. Irin ojú fèrèsé wà níwájú mi, omi wà nísàlẹ̀, Dádì wà láàárín èmi àti àtẹ̀gùn. Mo ní orí ń fọ́ mi, Alhaji ti mú oògùn orí fífọ́ jáde nínú àpò agbádá rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán. Mo ní kí n lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Inú ilé ìgbẹ́ yẹn ni mo jókòó sí tí mò ń ka táìlì ara ògiri, títí ìyàwó Dádì fi kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Ó ti dín dòdò, ó ní kí n wá jẹ ẹ́ kó tó tutù. Mo padà wá jókòó. Mi ò jẹ dòdò tí ò dùn bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi dòdò.

Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Kì í ṣe kíka lásán o. Ó mú ìwé àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ jìnnà sójú, ó fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró, ó yí aago padà, ó tún ka ti ẹ̀yìn rẹ̀. Alhaji mi orí. Ó ka ìkejì. Ó ka ìkẹta. Mo ń wo Alhaji, mo rí i tó ń tú ike dúdú yẹn díẹ̀díẹ̀ lórí itan rẹ̀, torí pé òun náà fẹ́ fi tirẹ̀ hàn. Mo gbàdúrà pé kí iná lọ. Iná lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, àwọn méjèèjì sì ríran.

Ó ka ìkẹrin.

Alhaji dá ọwọ́ dúró lórí ike. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Dádì rò pé ó dùn mọ́ ọn ni, ó tún un kà, ó tiẹ̀ fa àwọn òǹkà ìparí rẹ̀ bí àmín. Alhaji mú ìwé tirẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dádì lórí tábìlì. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú, iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo gbọ́ òjò. Mo gbọ́ ibi tí òrùlé ti ń jò tó-tó-tó sínú garawa kan ní igun pálọ̀. Mo ro ti ọkùnrin oní-POS, mo ro ibi tí màá kó páálí sí, mo sì ro ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ mi.

Ohun tí mo retí ni pé kí wọ́n kọjú sí mi. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, ara wọn ni wọ́n kọjú ìjà sí. Alhaji ní tòun ni ojúlówó. Dádì ní ojúlówó kí ni, ṣé wọn kì í ṣe fèkì ni? Alhaji ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojúlówó fèkì ni tòun, ti Dádì ni fèkì fèkì. Àgbàlagbà méjì, ọ̀kan ti ṣe alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ti lọ Mẹ́kà, wọ́n ń jà nítorí pé ọ̀kan nínú irọ́ méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí mi.

"Ìyá Aláago," Dádì ní, ohùn rẹ̀ ti tutù, "ta lo kọ́kọ́ tà á fún?"

Bí mo bá sọ pé Dádì ni, Alhaji tí gbogbo oníṣòwò Ẹ̀gbẹ́dá ń tẹ́tí sí á sọ mí di olè. Bí mo bá sọ pé Alhaji ni, ilé ta ni mo jókòó sí? Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní Dádì ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà ti Dádì ni Táíwò. Alhaji ló tẹ̀lé e, òun sì ni Kẹ́hìndé. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá sọ fún mi, nílẹ̀ Yorùbá, ta ni ẹ̀gbọ́n?

Ìyàwó Dádì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. Dádì ní òun ló kọ́kọ́ dé ayé. Alhaji ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo rán yín níṣẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n." Mo rò pé mo ti bọ́. Mo ti ń mí. Alhaji bá yí ojú sí mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí lójú rẹ̀ mọ́.

"Ìdòwú ńkọ́?"

Mo lè purọ́. Irọ́ ni mò ń tà láti àárọ̀ dalẹ́, ó yẹ kó yá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Ṣómólú, ti ọ̀rọ̀ ìbejì, ti ìwé méjìdínlógún. Mo ní kò sí Ìdòwú, àmọ́ ìwé mẹ́jọ wà ní dúrọ́ọ̀ mi, gbogbo wọn jẹ́ èkejì àwọn aago Dádì yòókù. Dádì ní kí n lọ kó wọn wá.

Mo sọ̀kalẹ̀. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ológbò. Mo gbé páálí tó wà nílẹ̀ sórí káńtà, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo sì dúró pẹ̀lú ìwé mẹ́jọ lọ́wọ́. Kò síbi tí mo lè gbà lọ. Ká ní ọ̀nà gbẹ ni, mi ò mọ̀ bóyá màá padà sókè. Omi ló sọ mí di olóòótọ́, kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn bí iṣẹ́ rere.

"Fà wọ́n ya," Dádì ní nígbà tí mo dé. "Níwájú wa."

Mo fà wọ́n ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó nípọn ni, ó ní etí wúrà, kì í tètè ya, ó máa ń ké kó tó gbà. Mo ń jù wọ́n sínú garawa tó ń gbe omi òrùlé, wọ́n ń léfòó, nọ́ńbà ń wò mí. Àwọn méjèèjì ń bá mi kà á bí ẹni tó ń ka òkú: ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́ta. Nígbà tí ìkẹjọ wọ garawa, Dádì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Nígbà náà, mẹ́jọ tèmi ò ní èkejì mọ́. Ìkẹrin nìkan ló ní èkejì láyé."

Alhaji gbé orí sókè. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí Dádì ta ìkẹrin fún òun, kí ìbejì má gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dá ogójì ẹgbẹ̀rún lé e. Dádì ní rárá. Alhaji ní ọgọ́ta. Dádì ní kí Alhaji ta tirẹ̀ fún òun ní ọgọ́ta. Alhaji ní kí Dádì mú aago, kó mú páálí, ìwé nìkan ni òun fẹ́, òun á san àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Dádì gbé ọwọ́ lé ìwé náà pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń búra ní kóòtù, ó ní òun ò ní tà á. Mo wà lórí eékún mi síbẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó rántí láti ní kí n dìde. Ìwé tí èmi fi ẹnu ara mi tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ń bá ara wọn dá àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lé e, mẹ́jọ irú rẹ̀ sì ń rẹ nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò sẹ́ni tó tà fún ẹnì kejì. Nígbà tí omi fà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ọ̀kan ń pe èkejì ní Táíwò, ìyẹn ń pè é ní Kẹ́hìndé, wọn ò sì tíì jáwọ́ ńbẹ̀ títí dòní. Dádì ò lé mi. Ó ní ẹni tó lè fà á ya níwájú òun, òun mọ̀ pé kò ní èyí tó fi pamọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì wò, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kò ku ẹyọ kan nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Mo ní kò kù. Ó mí kanlẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ìtura ni tàbí ìbànújẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Mo ní ìwé kan nílé tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n bèèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ìyá mi ní òjò ń rọ̀, wọ́n sì ń ta àgbàdo tútù. Mo gbé òjò àti àgbàdo lọ sí kóòtù láti lọ búra ọjọ́ orí. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé lábẹ́ agbòòrùn níta bi mí pé ọjọ́ wo ni mo fẹ́. Ọjọ́ wo ni mo fẹ́! Mo mú ọjọ́ kan tó wù mí nínú oṣù kẹfà, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Irọ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, tí ọjọ́ náà bá pé, mo máa ń ra kéèkì, mo sì máa ń ronú nípa ara mi bí ẹni tí wọ́n retí kó tó dé. Inú páálí aago ni mo tọ́jú ìwé náà sí, pẹ̀lú káńfọ̀.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni àwọn aṣiwèrè wọ̀nyẹn fẹ́ fi ìwé aago fèkì ṣe, mi kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nǹkan tó níwèé dà bí ẹni pé ó ní ibi tó ti wá, ó sì ní ẹni tó máa bèèrè rẹ̀ bó bá sọnù. Ohun tí aago fẹ́ nìyẹn, ohun tí Dádì fẹ́ nìyẹn, èmi náà ò kọ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ kó yé ọ pé ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ìwé mẹ́jọ ni mo fọwọ́ ara mi fà ya sínú garawa, mo sì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa tà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà.